Adìẹ Tó Ń Sín Lẹ́yìnkùlé: Kí Ni Ká Wò Kí A Tó Ra Oògùn?

Ìyá wa kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlíṣàn Rẹ́mọ ló béèrè pé: "Adìẹ mọ́kàndínlógún ni mo ń sìn lẹ́yìnkùlé mi. Mo ra àgbébọ̀ méjì lọ́jà kún wọn, kò sì ju ọjọ́ márùn-ún lọ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ojú ọ̀kan wú débi pé kò lè là á mọ́, omi tó ń rùn sì ń jáde nímú rẹ̀. Ẹyin ti dín kù. Mo tú kápúsù tẹtirasáílìn sínú omi wọn fún ọjọ́ méjì, ara wọn sì balẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó tún padà dé. Ọ̀kan ti kú báyìí. Àrùn wo nìyí, oògùn wo ni kí n sì rà?"

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ohun ọ̀sìn, ẹ sì pẹ̀lẹ́ ti èyí tó kú. Ẹ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ẹ sì sọ oògùn tí ẹ ti lò láìfi nǹkan kan pamọ́. Bí gbogbo ẹni tó ń wá bá wa bá lè ròyìn báyìí, adìẹ tí à ń gbà là ì bá pọ̀ ju bó ṣe wà yìí lọ.

Kí n tó dárúkọ oògùn kankan, ó yẹ kí ó yé wa pé sísín kì í ṣe orúkọ àrùn, àmì ni. Fáírọ́ọ̀sì lè fà á, bakitéríà lè fà á, èbu tó hù lára ìyẹ̀fun pákó tí a tẹ́ sílẹ̀ fún wọn lè fà á, aràn tó wọ ọ̀nà èémí lè fà á, kódà òórùn ìgbẹ́ nínú ilé tí atẹ́gùn kì í wọ̀ tó láti fà á. Oògùn tó mú ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe nǹkan kan fún èkejì. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí: adìẹ a máa fi àìsàn pamọ́ títí agbára rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí pé èyí tó bá ti fi àárẹ̀ hàn láàárín wọn ni àwọn yòókù máa ń ṣá káàkiri. Ọjọ́ tí ẹ rí i tó sorí kọ́, ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà ti pé ọjọ́ mélòó kan lára rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wò wọ́n dáadáa. Ní alẹ́ òní, nígbà tí ó bá di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án tí gbogbo wọn sì ti wọ̀, ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn níwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtan iná, láìsọ̀rọ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí, ẹ ní kí wọ́n pa á fún ìwọ̀nba àkókò yẹn. Adìẹ tí ara rẹ̀ dá kì í dún bó bá ń mí lójú oorun. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn kan tó dà bí omi tó ń hó nínú ìkòkò kékeré, tàbí bí ìmí ọmọ tí ọ̀fìnkìn dí nímú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti wà ní ọ̀nà èémí nìyẹn. Ẹ gbìyànjú láti mọ iye àwọn tó ń dún bẹ́ẹ̀, nítorí pé iye wọn, àti bí iye náà ṣe ń pọ̀ sí i láti alẹ́ kan sí èkejì, yóò sọ fún wa bóyá àrùn tó ń sáré ni tàbí èyí tó ń rìn jẹ́jẹ́.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ mú èyí tó burú jù, ẹ fi ìró àlòkù wé apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà jà, kí ẹ sì gbé e sórí itan yín níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀, láàárín ìyẹ́ apá méjèèjì, kí ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ìfófòó wà ní igun rẹ̀, bóyá ó wú, àti bóyá apá kan ló wú tàbí méjèèjì. Ẹ rọra fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ihò imú rẹ̀, kí ẹ sì gbóòórùn ohun tó bá jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ la àgógó ẹnu rẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ahọ́n. Ẹ óò rí ihò kékeré kan tó ń ṣí tó sì ń pa dé bó ṣe ń mí. Ó yẹ kí ibẹ̀ mọ́, kí ó sì ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, láìsí èépá, láìsí ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo ogbe rẹ̀, ẹ wo ojúgun rẹ̀, kí ẹ sì wo ìgbẹ́ tó wà lábẹ́ igi tí wọ́n ń wọ̀ sí. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa kí ẹ tó fi kan ojú yín, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn àrùn tí mo fẹ́ dárúkọ yìí lè mú ojú ènìyàn pọ́n.

Àrùn náà ni lùkúlùkú, òun sì ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, nítorí pé kì í fún ni láyè. Àrùn Newcastle ni àwọn onímọ̀ ń pè é, láti ara orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti dá a mọ̀ ní ọdún 1926. Ní ti orílẹ̀-èdè wa, agbègbè Ìbàdàn ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa rẹ̀ ti wá, láàárín ìparí ọdún 1952 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1953. Fáírọ́ọ̀sì ni. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń jà jù lọ, bó sì ti wù kó jẹ́, bó bá wọ agbo tí kò gba àjẹsára rí, ó lè kó gbogbo wọn tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Adìẹ á máa ya ẹnu mí, ìgbẹ́ rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rọ, àwọn tí kò bá sì tètè kú lè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọrùn títí orí wọn yóò fi kọjú sẹ́yìn. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Àrùn kejì tó yẹ ká fojú sí ni ọ̀fìnkìn ẹyẹ tí gbogbo ayé mọ̀ sí bird flu, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà ní ìpínlẹ̀ Kàdúná wa níbí, ní oṣù Kejì ọdún 2006. Bí ẹ bá jí tí ẹ bá adìẹ mẹ́ta mẹ́rin lókùú lójijì, tí ogbe wọn dúdú tàbí tí orí wọn wú, tí ẹ̀jẹ̀ sì ṣẹ́ sí abẹ́ awọ ojúgun wọn, ẹ má ṣe là wọ́n, ẹ má ṣe jẹ wọ́n, ẹ má sì ṣe gbé wọn fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi tó ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹran ìjọba ní ìjọba ìbílẹ̀ yín létí lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tí ẹ kọ kò jọ ìkankan nínú méjèèjì. Adìẹ kan ṣoṣo ló kú láti ọjọ́ yìí wá. Ojú tó wú, omi imú tó ń rùn, bó ṣe tàn kálẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí àgbébọ̀ ọjà wọlé, ẹyin tó dín kù, àti bó ṣe padà dé lẹ́yìn tí ẹ dá oògùn dúró: gbogbo rẹ̀ ń tọ́ka sí coryza, àrùn imú àti ojú adìẹ. Bakitéríà ló ń fa coryza, kì í sì í gbà ju ọjọ́ kan sí mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí adìẹ bá ti kó o kí àmì rẹ̀ tó yọ. Òórùn yẹn ni mo fi máa ń dá a mọ̀. Ẹni tó bá ti gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Síbẹ̀, mo ń fura pé CRD, àrùn ọ̀nà èémí tí kì í tán bọ̀rọ̀, wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀. Kòkòrò tíńtín kan tí wọ́n ń pè ní Mycoplasma ló ń fa CRD. Jẹ́jẹ́ ni tirẹ̀: ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kí ó tó hàn, á sì wà lára agbo fún oṣù mélòó kan pẹ̀lú ìmí tó ń dún lálẹ́, ìfófòó lójú, àti ẹran ara tó ń joro díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí ìfófòó lójú àwọn tí ojú wọn kò wú, ẹ gbà pé òun náà wà níbẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Àgbébọ̀ méjì tí ẹ rà yẹn lè máà fi àmì kankan hàn. Adìẹ tó bá ti ní coryza tàbí CRD tó sì yè é kì í sábà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá; kòkòrò náà á wà ní imú àti ọ̀nà èémí rẹ̀, á dákẹ́ síbẹ̀, bí wọ́n bá sì dì í sínú àgò, tí wọ́n gbé e rìn nínú oòrùn, tí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn, á tún jí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àìsàn adìẹ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún Iléyá, Ojúde Ọba àti Kérésìmesì, nígbà tí adìẹ ń ti ilé dé ọjà, tí èyí tí kò tà sì ń ti ọjà padà sílé. Bí ẹ bá tún fẹ́ ra adìẹ lọ́jọ́ iwájú, ẹ dá a sí ọ̀tọ̀ ní òdìkejì ọgbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, pẹ̀lú abọ́ omi tirẹ̀, kí ẹ sì máa bọ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀.

Ní ti kápúsù, ẹ kò dá nìkan ṣe é. Kò sí àdúgbò kan nílẹ̀ wa tí a kò ti ń tú u sínú omi adìẹ. Ṣùgbọ́n ìdí mẹ́ta ni kò fi mú un. Ọjọ́ méjì kò tó: ó mú kí kòkòrò náà rọlẹ̀ ni, kò pa á. Èkejì, ènìyàn ni wọ́n wọn egbògi inú kápúsù náà fún, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú wọn iye tó kan adìẹ kọ̀ọ̀kan nínú abọ́ omi. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ènìyàn kì í mọ̀: ìkarahun tí à ń fọ́ sínú oúnjẹ adìẹ kí èèpo ẹyin lè le máa ń so mọ́ tẹtirasáílìn nínú ikùn, kì í sì í jẹ́ kí ó wọ ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ rí i pé oògùn tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ ni oúnjẹ ń dè mọ́lẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe báyìí ni pé kí ẹ ya gbogbo èyí tó ń sín tàbí tí ojú rẹ̀ wú sọ́tọ̀, títí kan àgbébọ̀ ọjà méjèèjì, bí ara wọn tilẹ̀ dà bí èyí tó dá. Ẹ lọ sí ilé ìtajà oògùn ẹran tó ní dókítà, kí ẹ béèrè tylosin fún CRD. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni 500 mílígíráàmù ojúlówó egbògi náà nínú lítà omi kan, fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ oxytetracycline ti ẹran, tó jẹ́ ìbátan tẹtirasáílìn, ni dókítà yàn nítorí coryza, ẹ lò ó pé iye ọjọ́ tó kọ, bí ara wọn tilẹ̀ yá ní ọjọ́ kejì, kí ẹ sì yọ ìkarahun kúrò nínú oúnjẹ títí ẹ óò fi lò ó tán. Oògùn sulfa máa ń ṣiṣẹ́ gan-an fún coryza, àmọ́ n kò ní fún àwọn tó ń yé ẹyin jíjẹ. Àwọn kan yóò fi enrofloxacin lọ̀ yín nítorí pé ó lágbára. Amẹ́ríkà ti fòfin dè é fún adìẹ láti ọdún 2005, nítorí pé lílò rẹ̀ ń mú kí kòkòrò inú ẹran adìẹ má gbọ́ oògùn mọ́ lára ènìyàn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ampicillin tàbí ìbátan rẹ̀ fún yín nítorí CRD. Èèpo ara bakitéríà ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń wó, Mycoplasma kò sì ní èèpo yìí rárá, nítorí náà kò sí ohun tí oògùn náà yóò wó.

Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa po oògùn tuntun, nínú abọ́ rọ́bà tàbí ìkòkò amọ̀, kì í ṣe nínú páànù, kí ó sì jẹ́ òun nìkan ni omi tí wọn yóò rí mu. Ẹyin tí wọ́n bá yé ní àwọn ọjọ́ yẹn, àti ní iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, ẹ má sì ṣe fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ẹ ri ín mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ni láti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ yín ló máa jẹ ẹyin náà.

Ìtọ́jú lọ́tọ̀, oògùn lọ́tọ̀. Ẹ fi omi gbígbóná tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí nu ojú àti imú àwọn tó wú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nítorí pé adìẹ tí kò ríran kò ní jẹun, ebi á sì pa á kí àrùn tó pa á. Ẹ fi omi díẹ̀ rin oúnjẹ wọn. Wọ́n sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ilé ní Rẹ́mọ ṣì máa ń rọ epo pupa sí adìẹ tó ń wúkọ́ lẹ́nu. Epo pupa dára, nítorí ó ń fún wọn ní fítámì A tó ń tọ́jú awọ inú imú àti ọ̀fun. Bí fítámì yìí bá tilẹ̀ ṣàìtó, ojú adìẹ lè wú bíi ti coryza. Inú oúnjẹ ni kí ẹ po ó mọ́ o, ṣíbí kékeré kan fún bíi adìẹ márùn-ún. Bí ẹ bá rọ ọ́ sí adìẹ tí kò lè mí dáadáa lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ, mo sì ti rí èyí tó kú lórí itan ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Aáyù àti ewúro kò ní pa wọ́n lára, àmọ́ ẹ má ṣe fi wọ́n rọ́pò oògùn. Kẹrosíìnì ńkọ́? Rárá.

Ẹ tún wo ilé wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, ilẹ̀ kì í fẹ́ gbẹ, ìyẹ̀fun pákó tí à ń kó ní sọ́míìlì sì máa ń tètè bu. Ẹ lóṣòó kí imú yín dọ́gba pẹ̀lú ibi tí adìẹ ń sùn, kí ẹ sì mí sínú. Bí òórùn bá ta yín lójú, ó ti ń jó inú imú wọn tipẹ́, irun wẹ́wẹ́ tó ń gbá ìdọ̀tí kúrò ní ọ̀nà èémí wọn á sì ti kú, tí kòkòrò yóò fi rí ọ̀nà wọlé. Ẹ kó o jáde, ẹ tẹ́ èyí tó gbẹ, kí ẹ sì ṣí òkè ògiri kí atẹ́gùn lè máa gba orí wọn kọjá. Bí ẹ bá ń bọ́ wọn pẹ̀lú èèpo ẹ̀gẹ́, ẹ sá a gbẹ kó gbẹ dáadáa. Èyí tó bu a máa pa òròmọdìẹ, wọn a kàn máa ya ẹnu mí láìdún, oògùn kì í sì í ràn án.

Àwọn àìsàn yòókù kò pọ̀ láti sọ nípa ti yín. Bí èépá yẹ́lò bá wà nínú ẹnu tí egbò gbígbẹ sì wà lára ogbe, ìgbóná adìẹ ni, ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, fáírọ́ọ̀sì sì ni. Bí ẹyin bá dédé ń jáde ní wíwọ́ tàbí ní èèpo rírọ̀, tí funfun inú rẹ̀ ń ṣàn bí omi, ó lè jẹ́ àrùn fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní bronchitis. Bí ó bá sì jẹ́ òròmọdìẹ nìkan ló ń na ọrùn tó ń ya ẹnu, ẹ ronú nípa aràn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo fún òròmọdìẹ ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní oògùn CRD fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ń kú sí i. Ìgbà tí mo la ọ̀nà èémí ọ̀kan ni mo bá aràn pupa níbẹ̀, méjì méjì tó so pọ̀ bí igi tó ya ẹ̀ka méjì, tí wọ́n kó lára ekòló inú ọgbà. Oògùn aràn ọjọ́ mélòó kan ló tán an. Láti ọjọ́ náà, níbi tí mo bá lè dé, n kì í yan oògùn láìla èyí tó kú wò, àyàfi bí mo bá fura sí bird flu.

Bí ara wọn bá yá, ẹ má ṣe fi ẹyin wọn sàba, ẹ má sì ṣe fún ọmọ yín ní òròmọdìẹ lára wọn, nítorí pé CRD máa ń gba inú ẹyin dé ara ọmọ. Ẹ lè máa jẹ ẹyin wọn, ẹ sì lè pa wọ́n jẹ lẹ́yìn tí ọjọ́ oògùn bá ti kọjá. Tèmi ni pé kí ẹ má ra òmíràn kún wọn mọ́ títí wọn yóò fi tán. Lẹ́yìn náà kí ẹ fọ ilé náà, kí ẹ fi í sílẹ̀ lófo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tuntun. Kòkòrò méjèèjì yìí kì í pẹ́ láyé níta ara adìẹ, nítorí náà òfo ilé fúnra rẹ̀ jẹ́ oògùn.

Ẹ kò sọ bóyá wọ́n ti gba àjẹsára lùkúlùkú. Ẹ má ṣe fún wọn nísinsìnyí tí wọ́n ń ṣàìsàn, torí ó lè mú ìmí wọn burú sí i. Ẹ dúró títí ara wọn yóò fi dá fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sì ti wọlé kí ọyẹ́ tó dé. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe irú kan tí wọ́n ń pè ní I-2, tó ń fara da ooru ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀kán kan sójú adìẹ kọ̀ọ̀kan ni, kí ẹ sì tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta sí mẹ́rin mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ LaSota, irú àjẹsára lùkúlùkú mìíràn tí à ń po mọ́ omi mímu wọn, ni ẹ rí, omi kànga tàbí omi òjò ni kí ẹ lò, nítorí pé kẹ́míkà inú omi ẹ̀rọ ń pa á.

Bí ó bá di ọjọ́ karùn-ún oògùn tí iye àwọn tó ń dún lálẹ́ kò dín kù, ẹ má ṣe ra oògùn mìíràn. Ẹ mú ọ̀kan tó ṣì wà láàyè tó sì ń ṣàìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Bí òkú ni ẹ óò gbé lọ, kí ó jẹ́ èyí tó kú láàárọ̀ ọjọ́ náà, nínú ọ̀rá méjì lórí yìnyín, kì í ṣe èyí tí ẹ ti jẹ́ kó dì nínú fírísà, kí ẹ sì kọ iye adìẹ yín, ọjọ́ tí àgbébọ̀ ọjà wọlé, àti gbogbo oògùn tí ẹ ti lò sórí ìwé kan mú dání.